Àwọn Tó Sá fún Ọrọ̀: Ìtàn Ilé Mọ́ńkì Fountains

Bí èèyàn bá jáde ní ìlú Ripon, ní Yorkshire ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, kò ní í rìn ju nǹkan bí máìlì mẹ́ta lọ kó tó já sí àfonífojì tóóró kan tí odò Skell ń ṣàn gbà kọjá. Inú àfonífojì yẹn ni àwókù ilé àwọn mọ́ńkì Fountains wà. Òrùlé ti lọ, dígí ti lọ, koríko ti hù síbi tí wọ́n ti ń kúnlẹ̀ gbàdúrà. Ṣùgbọ́n ògiri òkúta ṣì ga gàgàrà, ilé ìṣọ́ agogo ṣì nàró, ẹni tó bá sì wọ ilé ìkẹ́rù wọn yóò rí òpó òkúta tó tò lọ rẹrẹ lábẹ́ àjà bí ọ̀pẹ inú oko. Ó lé ní irinwó ọdún tí àwọn mọ́ńkì fi gbé ibẹ̀, láti 1132 sí 1539.

Àwọn tó dá ilé yìí sílẹ̀, ọrọ̀ ni wọ́n sá fún. Inú ilé tó rọ̀ ṣọ̀mù ni wọ́n ti jáde wá sínú igbó, wọ́n ní oúnjẹ ibẹ̀ ti pọ̀ jù, aṣọ ibẹ̀ ti dára jù. Kí ọgọ́rùn-ún ọdún tó pé, àwọn àti àrọ́mọdọ́mọ wọn nínú ẹ̀sìn ti wà lára àwọn olówó pàtàkì ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bí ìyẹn ṣe ṣẹlẹ̀ ló gba ìtàn, ju ọdún tí wọ́n joyè àti ọdún tí wọ́n kú lọ.

Ẹlẹ́rìí mẹ́ta ni ìtàn náà ní, wọn kì í sì í fìgbà gbogbo fohùn ṣọ̀kan. Àkọ́kọ́ ni ẹnu arúgbó. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1200, mọ́ńkì kan tó ń jẹ́ Hugh, ará ilé Kirkstall, jókòó ti mọ́ńkì àgbàlagbà kan tó ń jẹ́ Serlo. Serlo ti lò ju ọgọ́ta ọdún lọ nínú ẹ̀sìn, ó sì mọ ojú àwọn tó dá Fountains sílẹ̀. Ó ń sọ ọ́, Hugh ń kọ ọ́ ní èdè Látìnì. Ẹlẹ́rìí kejì ni ìwé: lẹ́tà, ìwé ẹ̀bùn ilẹ̀, ìwé gbèsè. Ẹ̀kẹta ni ilẹ̀ fúnra rẹ̀, tí àwọn awalẹ̀pìtàn ti ń bi léèrè láti nǹkan bí igba ọdún.

Kí ọ̀rọ̀ tó dé orí mọ́ńkì, ogun ló kọ́kọ́ dé. Ní ìgbà òtútù 1069 wọ 1070, William ará Normandy, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba adé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kó ogun wọ àríwá nítorí pé wọ́n ṣọ̀tẹ̀ sí i. Ó sun ilé, ó sun àká, ó pa ẹran ọ̀sìn. Ìyàn sì parí èyí tí idà bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó ní kí wọ́n ka ilẹ̀ ìjọba rẹ̀ sínú ìwé ní 1086, orí abúlé tó pọ̀ ní Yorkshire ni àwọn akọ̀wé rẹ̀ ti kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: ahoro. Àwọn ìjòyè Normandy tí wọ́n pín ilẹ̀ náà fún ní ilẹ̀ rẹpẹtẹ lọ́wọ́ tí kò fi bẹ́ẹ̀ mú owó wá. Wọ́n sì tún ní ẹ̀jẹ̀ lọ́rùn. Ẹni tó bá ní ilẹ̀ tí kò wúlò àti ọkàn tí kò balẹ̀, kò ṣòro fún un láti fi ọ̀kan ra ìtura fún èkejì. Èyí ni kò jẹ́ kó yani lẹ́nu pé àwọn ìdílé bíi Percy àti Mowbray ń fi orí òkè àti ilẹ̀ ijù ta àwọn mọ́ńkì lọ́rẹ, kí àwọn yẹn lè máa gbàdúrà fún wọn.

Ní òdìkejì òkun, ní ilẹ̀ Faransé, àwọn mọ́ńkì kan ti fi ilé wọn sílẹ̀ ní 1098 lọ sínú irà kan tí wọ́n ń pè ní Cîteaux. Láti ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ Cistercian ti gba orúkọ. Ọ̀rọ̀ wọn kò lọ́jú pọ̀: wọ́n ní ìlànà tí Benedict mímọ́ fi lélẹ̀ fún àwọn mọ́ńkì ti bàjẹ́ lọ́wọ́ àwọn ọlọ́rọ̀, àwọn fẹ́ tẹ̀ lé e bó ṣe wà. Aṣọ irun àgùntàn tí wọn kò pa láró ni wọ́n ń wọ̀, ìdí nìyẹn tí aráyé fi ń pè wọ́n ní mọ́ńkì funfun. Wọn kò ní í gba ìdámẹ́wàá, wọn kò ní í gba owó ilẹ̀ lọ́wọ́ àgbẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni wọn yóò máa jẹ. Wọn kò sì ní í kọ́lé sí àárín ìlú. Ọ̀kan lára wọn, Bernard ti ilé Clairvaux, ní ẹnu tó dùn àti kálàmù tó mú, débi pé póòpù àti ọba ń fara balẹ̀ ka lẹ́tà rẹ̀. Ní 1132 ó rán àwọn ọmọ rẹ̀ wá sí Yorkshire láti dá ilé Rievaulx sílẹ̀. Wọ́n gba ìlú York kọjá.

Ìkọjá yẹn ló da omi ilé àwọn ẹlòmíì rú. Ní York, ilé St Mary wà, ilé àwọn mọ́ńkì aláṣọ dúdú, ọlọ́rọ̀ ni wọ́n. Àwọn kan nínú wọn rí àwọn ará Clairvaux, ojú sì tì wọ́n. Richard, tó jẹ́ igbákejì bàbá ilé, di olórí wọn. Wọ́n lọ bá Geoffrey bàbá ilé pé kó tún ilé ṣe. Geoffrey ti darúgbó. Ó ní ohun tí òun bá nílẹ̀ ni òun ń ṣe, kí wọ́n fún òun láyè. Ọ̀rọ̀ di kùnrùngbùn. Nígbà tí bíṣọ́ọ̀bù àgbà York, Thurstan, wá bẹ̀ wọ́n wò ní oṣù October 1132, àwọn tó kù dí ọ̀nà mọ́ ọn. Ariwo ta, wọ́n fẹ́ gbá àwọn ọlọ̀tẹ̀ mú kí wọ́n tì wọ́n mọ́lé, Thurstan àti àwọn tó sá sí i lábẹ́ sì ní láti sá wọ inú ṣọ́ọ̀ṣì, kí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ ara wọn. Mọ́ńkì mẹ́tàlá ló bá a lọ. Méjì nínú wọn tún padà sílé, ọ̀kan nínú àwọn méjì yìí sì ronú pìwà dà, ó tún wá bá wọn.

Ẹnu Serlo àti lẹ́tà tí Thurstan kọ sí bíṣọ́ọ̀bù àgbà Canterbury ló gbé apá yìí dé ọ̀dọ̀ wa, ibí yìí sì ni àwọn òpìtàn òde òní ti ń fura. Bí a bá fi ìtàn ìjádelọ York wé ìtàn ìjádelọ Cîteaux tí àwọn Cistercian ti kọ sílẹ̀ ṣáájú, àwọn méjèèjì jọra bí ìbejì: ilé tó bàjẹ́, ìwọ̀nba olódodo, bàbá ilé tí kò gbọ́, bíṣọ́ọ̀bù tó gbà wọ́n. Àwọn kan ní wọ́n ti tún ìtàn náà rán kó lè bá ti àwọn baba wọn mu, àní pé ó ṣeé ṣe kí ọwọ́ ẹlòmíràn ti kan lẹ́tà Thurstan. Ní tèmi, mi ò rò pé ìjà náà jẹ́ àlọ́. Ìjà inú ilé a máa rí bẹ́ẹ̀: ẹ̀yà kan ní ẹ̀sìn la ń jà fún, ẹ̀yà kejì ní ipò lẹ wá. Ṣùgbọ́n ẹ̀yà tó jáde nìkan ni ìtàn rẹ̀ dé ọwọ́ wa. Ẹnikẹ́ni kò jókòó ti Geoffrey arúgbó láti kọ tirẹ̀ sílẹ̀.

Lẹ́yìn Kérésìmesì, ní December 27, Thurstan fún wọn ní ilẹ̀ díẹ̀ nínú àfonífojì Skell, ó sì fi Richard jẹ ábọ́ọ̀tì, èyí tí í ṣe bàbá ilé. Òtútù ń mú, wọn kò ní ilé. Abẹ́ igi ni wọ́n sùn sí. Igi wo? Ìwé Hugh sọ pé igi elm ńlá kan ni, ní àárín àfonífojì. Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn ará àdúgbò ń sọ fún ọmọ wọn ni pé igi yew méje ni, tí wọ́n ń pè ní Arábìnrin Méje, lórí òkè ẹ̀gbẹ́ ilé náà. Igi yew a máa gbé ju ẹgbẹ̀rún ọdún lọ, elm kò sì rí bẹ́ẹ̀. Bóyá ìdí tí ìtàn fi ṣí kúrò lábẹ́ igi kan lọ sábẹ́ òmíràn nìyẹn: nígbà tí elm kú, ìtàn wá ibòji tó ṣì wà láàyè. Orúkọ ibẹ̀ náà ní ẹnu méjì. Ọ̀pọ̀ ní nítorí ìsun omi tó ń tú jáde lára àpáta ni wọ́n ṣe pè é ní Fountains. Àwọn mìíràn ní Fontaines, ìlú tí wọ́n ti bí Bernard, ni wọ́n fi sọ ọ́. Bó bá ṣe èmi ni, omi ni mo máa gbà, nítorí ẹni tó ń wá ibi tí yóò sùn, omi ló ń kọ́kọ́ wò.

Wọ́n kọ̀wé sí Bernard pé kó gbà wọ́n sínú ẹgbẹ́. Ó rán mọ́ńkì àgbà kan, Geoffrey mìíràn, wá láti kọ́ wọn bí àwọn Cistercian ṣe ń jí, bí wọ́n ṣe ń kọrin àti bí wọ́n ṣe ń kọ́lé. Lẹ́yìn náà ni ìyàn mú. Serlo ní ewé elm ni wọ́n ń sè pẹ̀lú iyọ̀. Ó tún ní ọjọ́ kan wà tí aláìní kan wá tọrọ búrẹ́dì, nígbà tí gbogbo èyí tó kù nínú ilé kò ju méjì ààbọ̀ lọ. Bàbá ilé ní kí wọ́n fún un ní odindi kan, Ọlọ́run yóò pèsè. Kò pẹ́ ni kẹ̀kẹ́ ẹrù kan dé láti ilé olódi Knaresborough, ọ̀dọ̀ Eustace FitzJohn, tó kún fún búrẹ́dì.

Ìtàn búrẹ́dì dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe búrẹ́dì ló gba ilé náà là. Nígbà tí ọdún kejì fẹ́ẹ́ parí, Richard lọ bá Bernard ní Clairvaux, ó ní ó ti sú àwọn, kó wá ilẹ̀ fún àwọn ní Faransé. Bernard gbà. Kí Richard tó padà délé, Hugh mìíràn, tó jẹ́ olórí àwọn àlùfáà kàtídírà York, ti wọ Fountains láti wá kú síbẹ̀. Olówó ni, ó sì ní ìwé. Ó kó gbogbo rẹ̀ wá. Àwọn ọlọ́rọ̀ mìíràn láti kàtídírà kan náà tẹ̀ lé e. Owó yìí ni wọ́n fi kọ́lé, tí wọ́n fi bọ́ aláìní, ìwé yẹn sì ni ìbẹ̀rẹ̀ yàrá ìkàwé wọn. Báyìí ni ilé tó sá fún ọrọ̀ York ṣe dúró sórí ọrọ̀ York, kí ọdún mẹ́rin tó pé. Serlo rí ọwọ́ Ọlọ́run níbẹ̀, ó sì lè jẹ́ òótọ́.

Láti ibẹ̀, wọ́n ń bí ọmọ bí ẹni pé ilẹ̀ ń ti wọ́n. Newminster ní 1138, lẹ́yìn náà Kirkstead, Louth Park, Woburn, Vaudey, Meaux, àti ilé tí yóò di Kirkstall. Bíṣọ́ọ̀bù Bergen pàápàá wá láti Norway, ó rí wọn, ó bẹ̀bẹ̀ fún mọ́ńkì. Ìyẹn ló bí ilé Lyse ní 1146. Ilé mẹ́jọ láàárín ọdún tí kò tó mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bí àwọn ọmọ yìí ṣe ń pọ̀ ni agbára ń pọ̀, agbára sì ń fa ọ̀tá.

William FitzHerbert, ìbátan Ọba Stephen, ni wọ́n yàn ní bíṣọ́ọ̀bù àgbà York ní 1141. Àwọn mọ́ńkì funfun pariwo pé owó ló fi ra ipò. Fountains wà níwájú ìjà náà, pàápàá nígbà tí Henry Murdac di ábọ́ọ̀tì rẹ̀ ní 1144: ọmọ Yorkshire tí Bernard tọ́ ní Clairvaux, ọkùnrin líle. Póòpù ìgbà náà, Eugenius kẹta, Cistercian ni òun náà. Ó dá William dúró. Inú bí àwọn ènìyàn William, wọ́n dìhámọ́ra, wọ́n ya bo Fountains, wọ́n ń wá Murdac. Ìtàn sọ pé ó dojú bolẹ̀ níwájú pẹpẹ, wọ́n sì kọjá lára rẹ̀ láìrí i. Wọ́n dáná sun ilé. Ìwé kan fi í sí 1146, òmíràn sí 1147. Nígbà tí àwọn awalẹ̀pìtàn gbẹ́lẹ̀ sínú apá gúúsù ṣọ́ọ̀ṣì náà ní 1979 àti 1980, wọ́n bá ihò òpó ilé onígi tí wọ́n kọ́kọ́ kọ́, wọ́n bá ìpìlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì òkúta kékeré tó tẹ̀ lé e, wọ́n sì bá àmì iná. Lórí èyí, ilẹ̀ gbè sẹ́yìn Serlo. Murdac di bíṣọ́ọ̀bù àgbà lẹ́yìn náà, àwọn ará York sì ti ilẹ̀kùn ìlú mọ́ ọn. Ní 1153 òun, Bernard àti Eugenius kú nínú ọdún kan náà. William padà sórí àga, ó kú ní 1154, àwọn ènìyàn sì ń sọ lábẹ́lẹ̀ pé májèlé inú ife ìsìn ló pa á. Ní 1226 wọ́n kéde rẹ̀ ní ẹni mímọ́. Kí oníwà burúkú tí Fountains bá jà di ẹni mímọ́ nínú ìwé ìjọ kan náà, ọ̀rọ̀ yẹn kò bára mu, síbẹ̀ wọ́n ṣe àjọ̀dún rẹ̀.

Mo fẹ́ ká dúró díẹ̀ níbi owó. Òfin Cistercian ní kí mọ́ńkì fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n mọ́ńkì gbọ́dọ̀ wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́ẹ̀mẹjọ láàárín ọ̀sán àti òru. Ta ni yóò wá dá oko tó jìnnà? Ọgbọ́n tí wọ́n dá ni ti arákùnrin òṣìṣẹ́. Àwọn yìí jẹ́ ẹ̀jẹ́, wọ́n ní irùngbọ̀n, wọ́n ní yàrá ìsùn àti yàrá ìjẹun tiwọn ní ìwọ̀-oòrùn ilé, ṣùgbọ́n wọn kì í kọ́ ìwé, wọn kì í sì í dìbò yan bàbá ilé. Ilé tó gùn ní nǹkan bí ọ̀ọ́dúnrún ẹsẹ̀ bàtà, tí àwọn àlejò ń dúró yà fọ́tò lábẹ́ àjà rẹ̀ lónìí, tiwọn ni púpọ̀ nínú rẹ̀. Àwọn ló ń gbé abà. Abà Fountains wà káàkiri Nidderdale àti Craven, ó dé orí òkè Malham, ó sì dé Borrowdale níbi adágún omi ìwọ̀-oòrùn. Kilnsey ni ibùdó tí wọ́n ti ń kó àgùntàn jọ rẹ́ irun. Ọ̀nà tí wọ́n ń dà wọ́n gbà lórí òkè ṣì wà títí dòní, Mastiles Lane ni wọ́n ń pè é. Òkè kan níbẹ̀ ṣì ń jẹ́ Fountains Fell.

Wò ó bí àwọn òfin wọn ṣe yí padà di irinṣẹ́ owó. Wọ́n ní kí wọ́n gbé ibi tó jìnnà: ilẹ̀ tó jìnnà ni àgùntàn fẹ́. Wọ́n ní kí wọ́n má gba owó ilẹ̀: wọ́n dáko ara wọn, èrè kò gba ọwọ́ ẹnì kankan kọjá. Wọ́n ní kí wọ́n má jẹ ẹran, kí wọ́n má wọ aṣọ olówó iyebíye: kò sí ibi tí owó yóò gbà jáde àyàfi ilé kíkọ́ àti ilẹ̀ rírà. Àwọn òṣìṣẹ́ wọn kì í gba owó oṣù, wọn kì í sì í bí ọmọ tí yóò pín ogún. Ẹni tó bá fẹ́ dá iléeṣẹ́ sílẹ̀ kò lè ṣètò rẹ̀ tó báyìí. Nígbà tí oníṣòwò ará Florence kan, Pegolotti, kọ àkọsílẹ̀ àwọn ilé ẹ̀sìn tó ń ta irun àgùntàn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní àwọn ọdún àkọ́kọ́ ọ̀rúndún kẹrìnlá, àpò 76 lọ́dún ló kọ síwájú Fountains, èyí tó fi wọ́n sí iwájú pátápátá.

Ahoro tí ìwé wọn ń sọ náà kò fi gbogbo ìgbà jẹ́ ahoro. Níbi tí àwọn ènìyàn bá wà, àwọn mọ́ńkì funfun a máa lé wọn kúrò kí ibẹ̀ lè dákẹ́. Walter Map, akọ̀wé ààfin tó kórìíra wọn, kọ ọ́ pé wọ́n ń wó abúlé àti ṣọ́ọ̀ṣì kí wọ́n lè sọ pé àwọn wà nínú ijù. Ọ̀tá wọn ni, ká ní kò sí ẹlòmíràn tó sọ ọ́, à bá kà á sí àbùkù lásán. Ṣùgbọ́n ìwé Kirkstall, ọmọ Fountains, sọ ọ́ fúnra rẹ̀: nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀dó sí Barnoldswick, àwọn ará ìjọ ń wá sí ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ wọn tí ariwo wọn ń dí mọ́ńkì lọ́wọ́, ni ábọ́ọ̀tì bá wó ṣọ́ọ̀ṣì náà palẹ̀. Àwọn ará ìjọ gbé ẹjọ́ lọ títí dé iwájú póòpù. Àwọn ará ìjọ ló jẹ̀bi.

Ọrọ̀ irun àgùntàn ní ẹ̀gún nínú. Ní 1193, nígbà tí wọ́n ń wá owó láti fi ra Ọba Richard padà kúrò nínú ìgbèkùn, irun àgùntàn ọdún kan gbáko ni wọ́n gbà lọ́wọ́ gbogbo àwọn Cistercian. Ní 1210 Ọba John, tó ń bá póòpù jà, gbowó lọ́wọ́ wọn débi pé àwọn ará Meaux ní láti tú ká lọ máa tọrọ ibùsùn. Fountains rù ú là. Ní àárín ìyẹn náà ni wọ́n ń fa ṣọ́ọ̀ṣì gùn sí ìlà-oòrùn: ábọ́ọ̀tì mẹ́ta tó tẹ̀ léra, tí gbogbo wọn ń jẹ́ John, ló kọ́ apá tí pẹpẹ mẹ́sàn-án wà, èyí tí òpó rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tó sì ga débi pé ó ń fò ní ojú ẹni. Ilé kíkọ́ ń jẹ owó. Àwọn oníṣòwò Ítálì sì wà nítòsí, owó lọ́wọ́ wọn, wọ́n ṣetán láti san owó irun àgùntàn ọdún mẹ́rin, márùn-ún, sílẹ̀. Ẹni tó bá mọ àgbẹ̀ kòkó tó gbowó kòkó tí kò tíì so yóò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Ní 1276 wọ́n bá àwọn ará Florence ṣe irú àdéhùn bẹ́ẹ̀. Kò pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ ni àrùn awọ ara bẹ̀rẹ̀ sí í pa àgùntàn jákèjádò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Irun tí wọ́n ti ná owó rẹ̀ kò wá mọ́. Kí ọ̀rúndún náà tó parí, ọba ti yan alábòójútó lé ilé tó tóbi yẹn lórí nítorí gbèsè, bí ìgbà tí wọ́n fi olùtọ́jú ti ọmọ ìná-àpà.

Ọ̀rúndún kẹrìnlá kò ṣàánú wọn. Ìyàn ńlá 1315 sí 1317. Àwọn ará Scotland, lẹ́yìn tí wọ́n ṣẹ́gun ní Bannockburn ní 1314, ń ya wọ Yorkshire lọ́dọọdún. Wọ́n gbowó lórí Ripon ní 1318, wọ́n sun abà àwọn mọ́ńkì. Lẹ́yìn náà ni àjàkálẹ̀ àrùn 1349 dé. Àwọn tó yè nínú àwọn tálákà wá rí i pé iṣẹ́ pọ̀ ju ọwọ́ lọ, owó iṣẹ́ gòkè, ta ni yóò tún wọ aṣọ arákùnrin òṣìṣẹ́ láti ṣe ẹrú ọ̀fẹ́? Irú wọn tán díẹ̀díẹ̀. Àwọn mọ́ńkì fi abà háyà fún àgbẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó ilẹ̀, èyí tí àwọn baba wọn búra pé àwọn kò ní í gbà láé.

Ìjà oyè kò gbẹ́yìn. Láti 1410, ènìyàn méjì, Roger Frank àti John Ripon, ń pe ara wọn ní ábọ́ọ̀tì. Ọ̀rọ̀ náà dé ilé ẹjọ́ póòpù, ní ìgbà tí póòpù fúnra rẹ̀ ju ẹyọ kan lọ. John ló borí. Kò sí nǹkan tó yẹ ká tún fi àkókò ṣòfò lé lórí níbẹ̀.

Marmaduke Huby ni ó yẹ ká dá dúró sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó jẹ ábọ́ọ̀tì láti 1495 sí 1526. Ó bá mọ́ńkì 22, ó sọ wọ́n di 52. Ó tún abà ṣe, ó tún ìwà ṣe, àwọn ilé Cistercian mìíràn ń wá gba ìmọ̀ràn lọ́wọ́ rẹ̀. Òun ló kọ́ ilé ìṣọ́ agogo sí apá àríwá, tó ga tó nǹkan bí ọgọ́jọ ẹsẹ̀ bàtà. Òfin àtijọ́ àwọn Cistercian kò fàyè gba ilé ìṣọ́ agogo olókùúta. Huby gbẹ́ ọ̀rọ̀ ìyìn yí i ká, tó fi gbogbo ọlá fún Ọlọ́run nìkan. Ó sì tún gbẹ́ lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ ara rẹ̀ síbẹ̀.

Ẹni tó jẹ lẹ́yìn rẹ̀, William Thirsk, ni ọ̀rọ̀ bá. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1536, àwọn aṣojú Ọba Henry kẹjọ, Layton àti Legh, dé. Layton kọ̀wé sí ọ̀gá rẹ̀ Cromwell pé ábọ́ọ̀tì náà ń kó obìnrin, pé ó jí ohun ọ̀ṣọ́ ilé ìjọsìn lóru ó sì tà á fún alágbẹ̀dẹ wúrà ní ọ̀pọ̀. Nínú lẹ́tà kan náà ló ti sọ pé mọ́ńkì kan wà níbẹ̀ tó gbọ́n, tó ṣetán láti san ẹgbẹ̀ta máàkì bí wọ́n bá fi í jẹ ábọ́ọ̀tì. Marmaduke Bradley ni mọ́ńkì náà. Ẹni tó ń ka ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀kan tó sì ń ka owó èkejì nínú ìwé kan ṣoṣo, mi ò lè fi ọwọ́ sọ̀yà lórí ẹ̀rí rẹ̀. Thirsk fi ipò sílẹ̀, ó lọ gbé ilé Jervaulx. Nígbà tí àwọn ará àríwá dìde sí ọba lọ́dún yẹn nítorí àwọn ilé ẹ̀sìn tó ń tì pa, wọ́n kà á mọ́ wọn. Ní 1537 wọ́n so ó kọ́ ní Tyburn. Bradley ló kọ́wọ́ sí ìwé tó fi ilé lé ọba lọ́wọ́ ní November 26, 1539. Ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn lọ́dọọdún ni owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀.

Ìdí tí ọba fi ṣe é? Àwọn kan ní nítorí Anne Boleyn, obìnrin tí ọba fẹ́ fi ṣe aya, àti ìjà pẹ̀lú póòpù, àwọn kan ní nítorí ojúkòkòrò. Ìdí kejì ni mo rò pé ó wúwo jù níbi tí Fountains wà, nítorí nígbà tí wọ́n ka ọrọ̀ ilé ẹ̀sìn ní 1535, òun ló lọ́rọ̀ jù nínú àwọn ilé Cistercian ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: ó lé ní 1,100 pọ́n-ùn lọ́dún. Wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ sọ ọ́ di kàtídírà bíṣọ́ọ̀bù tuntun, ìyẹn ló fa á tí wọn kò fi tètè wó o. Ìlú Chester ló padà gba bíṣọ́ọ̀bù náà. Ní 1540 ọba ta ilé àti ilẹ̀ fún Richard Gresham, oníṣòwò Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n yọ́ òjé orí òrùlé nínú ilé ìjọsìn fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà, Stephen Proctor rà á ní 1597, ó sì fi òkúta àwókù náà kọ́ ilé ńlá, Fountains Hall, tó ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà.

Ìtàn tó kàn mú mi rántí ilé. Ní ẹ̀gbẹ́ Fountains, ìdílé Aislabie ní ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Studley Royal. John Aislabie ni ó ń bójú tó àpò owó ìjọba nígbà tí wàhálà South Sea bẹ́ ní 1720. Iléeṣẹ́ South Sea yìí ni Spéènì fún ní àṣẹ láti 1713 pé kó máa kó 4,800 ẹrú adúláwọ̀ lọ́dún lọ sí àwọn ìlú wọn ní Amẹ́ríkà; ó ní ọ́fíìsì ní Havana ní Kúbà. Nígbà tí ìpín-ìdókòwò rẹ̀ wó, wọ́n lé Aislabie kúrò nílé aṣòfin ní 1721, wọ́n tì í mọ́lé. Nígbà tó jáde, ó lọ sílé, ó ń gbẹ́ adágún omi, ó ń gbin koríko, ó ń to ère. Ó fẹ́ ra àwókù náà kó fi parí ọgbà rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kò tó o. Ọmọ rẹ̀ William ló rà á ní 1767. William gbá ibẹ̀ mọ́, ó kó àwọn òkúta tó wó dà nù, ó gbin koríko, débi pé William Gilpin, tó ń kọ̀wé nípa ẹwà ilẹ̀, bínú pé ó ti fi ìmọ́tótó ba ibẹ̀ jẹ́. Ibi tí wọ́n ti ń yọ sí ojú àwókù náà lójijì, wọ́n sọ ọ́ ní Ìjókòó Anne Boleyn, nítorí ère kan tó wà níbẹ̀ tí kò lórí, bí ayaba tí Henry ní kí wọ́n bẹ́ lórí. Àwàdà àwọn olówó.

Ní 1859 ogún náà bọ́ sọ́wọ́ George Robinson, tó padà di Marquess ti Ripon. Ní 1874 ó di ọmọ ìjọ Àgùdà, ariwo sì ta ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: ilẹ̀ tí Henry gbà lọ́wọ́ àwọn mọ́ńkì tún padà sọ́wọ́ ọmọ ìjọ póòpù. Láti 1892 sí 1895 òun ni mínísítà fún àwọn ilẹ̀ tó wà lábẹ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì. Ìyẹn ni pé ní 1893, nígbà tí Gómìnà Carter jáde ní Èkó, tó lọ bá Aláàfin Adéyẹmí tọwọ́ bọ̀wé ní Ọ̀yọ́, tó sì tú àwọn ibùdó ogun Kiriji ká lẹ́yìn tí ogun náà ti wà láti àwọn ọdún 1870, Ripon ni Carter ń kọ ìròyìn ìrìnàjò náà sí. Olówó tó ni ilé wíwó ní àfonífojì Skell ni ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Yorùbá ń lọ síwájú rẹ̀.

Ìdílé Vyner ló ní in lẹ́yìn ìyẹn, kí ìjọba ìbílẹ̀ tó rà á ní 1966. Láti 1983 ni ẹgbẹ́ National Trust ti gbà á, ní 1986 sì ni UNESCO fi í sára ogún àgbáyé, òun pẹ̀lú ọgbà Aislabie. Ọlọ tí àwọn mọ́ńkì kọ́ ní ọ̀rúndún kejìlá ló pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ jù: ó ń lọ ọkà títí di 1927, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó irinwó ọdún lẹ́yìn tí mọ́ńkì tó kẹ́yìn ti lọ.

Ní 2021, àwọn olùwádìí láti Yunifásítì Bradford fi ẹ̀rọ tó ń ríran wọ inú ilẹ̀ yẹ àyíká odò náà wò láì gbẹ́ ẹ. Wọ́n rí ìpìlẹ̀ àwọn ilé ńláńlá àti kòtò tí wọ́n fi ń rẹ awọ. Ibi ìṣawọ ni, ó tóbi ju bí ẹnikẹ́ni ti rò lọ, ó sì sún mọ́ ibi tí wọ́n ti ń jọ́sìn. Ọ̀rọ̀ ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ló pọ̀ lẹ́nu Serlo. Kò mẹ́nu kan òórùn awọ tútù, ẹfun àti ìtọ̀ ẹran tí wọ́n fi ń bó irun, tàbí ariwo àwọn tó ń lu awọ lórí òkúta láti àárọ̀ títí agogo fi lù.